Ọwọ́ Tí Kò Gbọ́ Túúbá

 

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò kọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ ilé-kéwú. Ọ̀rọ̀ ìjà ni. Mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ń lọ kọ́ ló gbà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan lásìkò ìsinmi àwọn ọmọ iléèwé, lẹ́yìn tí a kírun Ìṣáì tán, mo gbọ́ ariwo láti inú yàrá àwọn ọmọ. Mo rò pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò. Nígbà tí mo yọjú, mo bá ọmọ àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, òun àti mẹ́rin nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n korí jọ sídìí fóònù kan. Ọkùnrin méjì ni wọ́n ń wò, nínú àgọ́ kan tí wọ́n fi àwọ̀n irin yí ká, tí wọ́n ń lu ara wọn bí ẹni ń lu bàrà. Mo fẹ́ lé wọn dìde. Ọmọ àbúrò mi ní, “Ẹ dákun, Bàbá Alfa, ẹ gbọ́ orúkọ ẹni yìí ná. Kamarudeen ni. Auchi ni wọ́n bí i sí.”

Orúkọ yẹn ló dá mi dúró. Mo wá àpótí kan, mo jókòó.

Kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. “The Ultimate Fighter” ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ ìjà kan ní Amẹ́ríkà, UFC, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2005. Wọ́n kó ọkùnrin mẹ́rìndínlógún sínú ilé kan ní ìlú Las Vegas, wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, wọ́n sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní olùkọ́. Kò sí tẹlifóònù, kò sí ìwé ìròyìn, kò sí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń sùn, wọ́n jọ ń kọ́ ìjà, kámẹ́rà sì ń ya gbogbo rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ jẹun láàárọ̀ náà ni yóò tún wọ àgọ́ irin láti bá ara wọn jà. Ẹni tó bá pàdánù ti jáde nínú ìdíje. Ẹni tó bá borí dé òpin ni yóò gba ìwé àdéhùn iṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ wà nínú ìjà yìí, títa ẹni nípàá wà níbẹ̀, gídígbò wà níbẹ̀, fífún ni lọ́rùn àti lílọ́ ni lápá náà wà níbẹ̀.

Owó ló bí i. Ní ọdún 2001, mílíọ̀nù méjì dọ́là ni wọ́n fi ra UFC, àwọn tó rà á sì ń pàdánù owó lórí rẹ̀. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 2005, Forrest Griffin àti Stephan Bonnar ja ìjà àṣekágbá ìdíje àkọ́kọ́ náà. Wọ́n lu ara wọn títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ojú, àwọn tó ń wò wọ́n nílé kò sì lè gbójú kúrò. Griffin ló borí, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni wọ́n fún níṣẹ́, nítorí ọjà ti tà. Nígbà tí wọ́n máa tún ilé-iṣẹ́ náà tà ní ọdún 2016, owó rẹ̀ ti di nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là.

Èyí tí àwọn ọmọ náà ń wò ni ti ọdún 2015. Kamarudeen Usman, tí ayé mọ̀ sí Kamaru, ni a bí ní Auchi ní ọdún 1987. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n mú un lọ sí Texas. Ní iléèwé girama níbẹ̀, olùkọ́ ìjàkadì rẹ̀ kò lè pe Kamarudeen, ló bá sọ ọ́ di “Marty.” Mo sọ fún àwọn ọmọ pé òṣùpá ẹ̀sìn ni ìtumọ̀ Kamarudeen ní èdè Lárúbáwá. Ó dùn mí, èmi tí mò ń pe orúkọ ọmọ nínú ìwé lójoojúmọ́, pé olùkọ́ kan sọ òṣùpá ẹ̀sìn di Marty nítorí pé ahọ́n rẹ̀ kò yí i.

Ọmọ náà kò wo ẹ̀yìn. Ó fi gídígbò gba ipò kìíní ní ọdún 2010 nínú ìdíje ìsọ̀rí kejì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù keje ọdún 2015, ní Las Vegas, ó fún Hayder Hassan lọ́rùn ní abala kejì títí ìyẹn fi túúbá. Bó ṣe túúbá ni ẹni tó ń dá sí ìjà bẹ́ sí àárín wọn, Kamaru sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún 2019, òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì UFC. Ẹ tún wá wo ọdún 2022: ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, àbúrò rẹ̀, Mohammed, borí nínú eré “The Ultimate Fighter” yìí kan náà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀, Leon Edwards ta Kamaru nípàá lórí nígbà tí kò ku ìṣẹ́jú kan kí ìjà parí, ó sì ṣubú bí igi. Alùkùránì ti kọ́ wa pé Ọlọ́hun a máa yí ọjọ́ ayé láàrin àwọn ènìyàn. Ilé kan ṣoṣo ni ó ti yí i nínú oṣù kan ṣoṣo.

Nígbà náà ni èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, bi mí pé, “Bàbá Alfa, ṣé ẹ̀sìn fi àyè gba ìjà yìí?”

Mo tún ara ṣe lórí àpótí, gẹ́gẹ́ bí àwa alfa ti máa ń ṣe. Mo ní ìjàkadì fúnra rẹ̀ kò burú, nítorí ó wà nínú hadisi pé Ànábì wa bá Rukana, ọkùnrin alágbára kan nínú àwọn Kuraiṣi, ja ìjàkadì, ó sì dá a. Mo ní àmọ́ Ànábì kan náà kọ́ wa pé alágbára kì í ṣe ẹni tó mọ ènìyàn dá, bí kò ṣe ẹni tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu nígbà ìbínú. Mo ní ní ọdún 1987, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ti Rabita jókòó ní Mẹ́kà, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé èèwọ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àti ìjàkadì tí wọ́n ti gba oníjà láyè láti ṣe ẹnìkejì rẹ̀ léṣe. Mo wá gbé ohùn sókè pé, “Olórí rẹ̀ ni pé Ànábì pàṣẹ fún wa pé bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń bá ọmọnìkejì rẹ̀ jà, kí ó yẹra fún ojú.”

Ọmọ náà ní, “Bàbá Alfa, ìgbájú ńkọ́?”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú àfojúdi. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ọmọ àbúrò mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ pé kó dákẹ́, àwọn yòókù sì ń wo ilẹ̀. Èdè wa kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́: ìgbájú ni a pè é, ojú wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọdé nìkan ló gbọ́n. Mo ní kí wọ́n lọ sùn.

Èmi kò sùn. Ọdún 1997 ni mò ń rò. Mo jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, mo ń ṣe olùkọ́ ní ilé-kéwú kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. A ń ka Fátíhà, ṣùgbọ́n “ha” tó yẹ kó ti àárín ọ̀fun wá, bí “ha” tí Yorùbá ń sọ ló ń pè é. Ìgbà mẹ́ta ni mo tún un fún un, ìgbà mẹ́ta ló ṣì í. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rí ojú mi, ó ní, “Alfa, mo túúbá,” ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lójú, mo sì gbá a. Ọwọ́ mi bà á láti ojú dé etí.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ wá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ de obìnrin náà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé o, Alfa, ẹ bá mi kọ́ ọ.” Ó ní etí ń dun ọmọ náà, kí n ṣe àdúà sí omi fún un. Mo ṣe àdúà sí omi. N kò sọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Kò pé oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà tí ọmọ náà kò wá sí kéwú mọ́. Mo sì ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kò ní orí ìwé.

Ẹ̀yin ará mi, mo fi ìjà inú àgọ́ irin yẹn wé tèmi, ojú sì tì mí. Ní ti wọn, wọ́n wọn oníjà méjèèjì lórí ìwọ̀n kí wọ́n tó jà; Kamaru àti Hassan, kílò 77 sí kílò 77 ni. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Dókítà wà nítòsí. Àwọn méjèèjì ló fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fẹ́ jà. Ẹnì kan sì dúró láàrin wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbọ́ túúbá lọ, kó sì gbá ọwọ́ dúró. Ní ti èmi, àgbàlagbà sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Kò sẹ́ni tó dúró láàrin wa. Ó túúbá, èdè ẹ̀sìn wa gan-an ló sì fi túúbá, nítorí láti inú Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ Yorùbá. Olùkọ́ Texas tí ahọ́n rẹ̀ kò yí orúkọ, orúkọ ọmọ ló pa dà. Ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ kò yí “ha,” òun ni mo gbá lójú. Nínú méjèèjì, ọmọ ló jìyà.

N kò sọ pé ìjà wọn dára o. Ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ, mo ṣì dúró lé e. Ojú tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yà, kò yẹ kó di ohun tí à ń bà jẹ́ gbowó. Ṣùgbọ́n hadisi tí mo gbé sókè láti fi na àwọn oníjà, èmi ló kọ́kọ́ bà.

Mo wá ọkùnrin náà lọ. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí i. Iṣẹ́ jíjó irin ló ń ṣe, ó sì ní ọmọṣẹ́ mẹ́ta. Ó mọ̀ mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó gbé ìjókòó fún mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó yí orí díẹ̀, ó fi etí ọ̀tún kọ sí mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbá a. Etí òsì ló bà. N kò bi í léèrè ìdí tó fi yí orí.

Mo ní mo wá tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ó ti pẹ́, Alfa. Mo ti fi jì yín.” Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó dùn mí ju èébú lọ. Ó ní, “Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́jọ. N kò tíì fi í sí kéwú. Ìyá rẹ̀ ń bá mi jà lé e lórí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Alfa, ṣé ẹ ṣì ń gbá wọn lójú?”

Mo lè parọ́. Mo ní, “Láti oṣù tó kọjá, rárá.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé inú. Ó ní òun yóò rò ó.

Nígbà tí fídíò ìnà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kéwú kan nítòsí Ìlọrin tàn káyé ní ọdún 2021, èmi wà lára àwọn tó ń sọ pé ayé ń wá ẹ̀sùn sí kéwú lẹ́sẹ̀ ni. N kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Mélòó nínú wa ló rántí ọwọ́ òsì?

Mo pe àwọn olùkọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, a sì fi ẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ọmọ láti ọrùn dé orí. Bí ọmọ bá ti túúbá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀kẹta, ìyá àgbà kan ládùúgbò ń wá jókòó sí kíláàsì wa lópin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Bó bá ti ní “Alfa, ó tó,” ó ti tó náà nìyẹn. Mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa àti gbogbo ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tó ní ilé-kéwú: ẹ wá ẹni tí yóò dúró láàrin. Àwọn tó ń fi ìjà pawó gan-an mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀.

Ọmọ wẹ́dà náà kò tíì wá títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí. Mo ti ra wàláà tuntun kan, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Kí Ọlọ́hun Ọba dárí àṣìṣe ọwọ́ wa jì wá, kí Ó sì rọ ọkàn àwọn tí a ṣẹ̀ sí wa. Àmín.