Bí Ẹsẹ̀ Ẹṣin Bá Wú Nígbà Òjò

Ó lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu pé tíṣà ni yóò máa sọ̀rọ̀ ẹṣin. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ìlọrin, ẹ wo Ọ̀yọ́, ẹ wo Ìjẹ̀bú-Òde tí àwọn ìdílé Balógun ti ń gẹṣin lọ sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni ó bọ́ sí, àárín òjò gan-an. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹṣin ń wú, nítorí ẹni tí ó ní ẹṣin kò fẹ́ kí òjò pa á. A so ó mọ́ èèkàn ní ẹ̀yìnkùlé, a sì ń gbé oúnjẹ ká a níwájú. Àwọn òyìnbó pàápàá ń rí i nígbà òtútù wọn, bí ẹṣin kò bá lè jáde sí pápá.

Ìlọrin ni mo ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà nígbà tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín yàrá mi àti ilé ẹṣin bàbá arúgbó kan. Bí mo bá ti máàkì ìwé tán lálẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń lọ jókòó. Òórùn ibẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ pọ̀.

Òun ni ó jẹ́ kí n lè lanu sọ̀rọ̀ nígbà tí wàhálà dé sí ilé wa. Àbúrò bàbá mi, aláṣọ ni wọ́n, ra ẹṣin pupa kan de Ojúde Ọba. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìdá, ẹṣin kò kúrò lójú kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ti wú láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé oríkèé. Ni ilé bá dàrú. Àwọn kan ní ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tọ́jú ẹṣin ni ó fi igi nà án. Àwọn mìíràn ní àsasí ni. Ẹnìkan tí ń ṣòwò ẹran sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ san ìdá mẹ́rin owó ẹṣin náà kí ó fà á lọ fún alápatà. Bàbá ní àwọn kò ní san owó oṣù ọ̀dọ́mọkùnrin náà, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń retí owó yìí nílé.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní wákàtí kan.”

Wọ́n ní, “Tíṣà, ṣé ẹṣin náà ni o fẹ́ kọ́ ní A, B, D?”

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà: ó tutù. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: ibẹ̀ jìn wọnú, ó sì pẹ́ kí ó tó kún padà, ẹṣin kò sì mira. Ẹsẹ̀ méjèèjì wú dọ́gba. Èyí tí a fi igi nà kì í rí bẹ́ẹ̀. Yóò gbóná, yóò sì máa dun ẹṣin. Mo ní kí wọ́n tú u, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà máa fà á rìn jẹ́jẹ́ lọ sókè sódò. Kí wákàtí kan tó pé, ẹsẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fà tán. Oníṣòwò ẹran bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ bí mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Láti eékún ẹṣin dé ilẹ̀, egungun, iṣan àti awọ ni ó wà níbẹ̀. Kò sí ẹran tí yóò máa fún omi padà sókè. Ọkàn a máa ti ẹ̀jẹ̀ wá sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn ni ó ń ràn án lọ́wọ́ láti padà. Nígbàkúùgbà tí pátákò bá tẹ ilẹ̀, a máa ti ẹ̀jẹ̀ sókè bí póńpù tí a fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Bí ẹṣin bá dúró sójú kan, omi ara a máa jò sí abẹ́ awọ, a sì jókòó síbẹ̀. Àwa tí a ń dúró kọ́ni láti àárọ̀ mọ bí bàtà ti ń fún ni nírọ̀lẹ́. Àwọn ìyá tí ń jókòó lọ́jà náà mọ̀ ọ́n.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò náni lówó. Ẹ jẹ́ kí ẹṣin rìn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ìdajì wákàtí ó kéré tán, bí òjò tilẹ̀ ń ṣẹ́ winniwinni. Bí àyè bá wà, ẹ ṣe ọgbà kékeré tí yóò máa yí kiri nínú rẹ̀ dípò èèkàn. Ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ dín ọkà bàbà rẹ̀ kù, kí ẹ fi koríko kún un. Èyí ni ó ṣòro fún Bàbá jù, nítorí lójú wọn, ọkà ni a fi ń mọ ẹni tí ó fẹ́ràn ẹṣin. Àwọn mìíràn a máa fi aṣọ di ẹsẹ̀ náà lóru. Ó dára, bí a bá kọ́kọ́ fi òwú tí ó nípọn yí i ká, tí ìdì náà sì dọ́gba. Bí ó bá le jù níbì kan, yóò pa iṣan lára. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n dì, kí ó fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo wíwú kọ́ ni ìrìn ń wò. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tí ó gbóná, tí ẹṣin sì ń tiro, ẹ wo ibẹ̀ bóyá ọgbẹ́ wà, kí ẹ sì pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tí ó burú jù nílẹ̀ wa ni àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó wá. Ẹṣin á máa jẹun, síbẹ̀ á máa rù. Ẹ̀rìgì rẹ̀ á funfun. Ibà á máa wá, á máa lọ. Abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ á wú. Àìsàn yìí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ Ilé lè pẹ́ nínú igbó kìjikìji. Dókítà yóò gba ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ó bá rí kòkòrò náà, abẹ́rẹ́ wà fún un. Ẹ má ṣe ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri.

Bàbá san owó oṣù ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé pérépéré, ṣùgbọ́n wọn kò bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn fúnra wọn ni wọ́n di okùn ẹṣin mú, agboòrùn dúdú wà lórí wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.