Róòmù, Ìlú Àwọn Àtọ̀húnrìnwá

Ìtàn ìbejì tó tẹ Róòmù dó kì í ṣe ìtàn tó dùn létí ọmọ Yorùbá. Amulius gba oyè mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ìbejì tí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n náà bí jù sínú odò Tiber. Omi gbé apẹ̀rẹ̀ wọn gúnlẹ̀, abo ìkookò fún wọn lọ́mú, darandaran kan tó ń jẹ́ Faustulus sì gbé wọn lọ fún ìyàwó rẹ̀ láti tọ́. Ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù ti rí abo ìkookò yìí rí: òun àti ọmọ méjì tó ń mu ọmú rẹ̀ ló wà lára àmì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù AS Roma.

Ìgbà tí wọ́n dàgbà ni ìtàn náà korò. Romulus àti Remus fẹ́ tẹ ìlú dó, ṣùgbọ́n ta ni yóò jọba? Livy, òpìtàn Róòmù, ní nítorí pé ìbejì ni wọ́n, a kò lè fi ọjọ́ orí mọ àgbà láàárín wọn, ni wọ́n bá ní kí àwọn òrìṣà fi ẹyẹ yanjú rẹ̀. Remus rí igún 6, Romulus rí 12. Ọ̀kan ní òun ló kọ́kọ́ rí, èkejì ní tòun ló pọ̀ jù. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, Remus sì bá a lọ. Àwọn baba tiwa ti yanjú irú ẹjọ́ yìí tipẹ́: Táyé ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé ló rán an níṣẹ́, Kẹ́hìndé ni àgbà. Ọ̀rọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ rárá.

Síbẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ará Róòmù pé wọn kò gbé ẹ̀jẹ̀ yìí pamọ́. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ni wọ́n ka ìtẹ̀dó ìlú náà sí, ní ọdún 753 ṣáájú ìbí Jésù, Róòmù sì ṣì ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ lónìí. Gbogbo ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn náà ló máa gbọ́ pé ọwọ́ ẹni tó tẹ ìlú wọn dó kò mọ́.

Lẹ́yìn ikú Remus, Romulus ní ìlú, kò ní èèyàn. Ó wá ya ibì kan sọ́tọ̀ lórí òkè Capitoline, láàárín igbó méjì, ó sì kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá sá débẹ̀ ti bọ́. Ẹrú sá wá, olúwa rẹ̀ kò rí i gbà padà. Ajigbèsè sá wá, olówó kò rí owó rẹ̀ sin. Apànìyàn pàápàá wá. Ọkùnrin ni wọ́n, kò sì sí ìdílé tó fẹ́ fún wọn lọ́mọ fẹ́. Ni wọ́n bá pe àwọn ará Sabine tó múlé tì wọ́n wá sí ọdún, wọ́n sì jí àwọn ọmọbìnrin wọn gbé. Ìwà ìkà gbáà ni, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Nígbà tí ogun dé, àwọn obìnrin náà fúnra wọn ló bọ́ sáàárín bàbá àti ọkọ, wọ́n bẹ̀ wọ́n títí ogun fi dúró.

Àwọn onímọ̀ lè máa jiyàn lórí bóyá èyí ṣẹlẹ̀. Èmi ń wo ohun tí ìlú kan yàn láti máa sọ nípa ara rẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n ní Mars, òrìṣà ogun, ló bí Romulus. Àwọn yòókù ńkọ́? Ìsáǹsá ni wọ́n. Ìlú tó jọba lé gbogbo etí òkun Mediterranean lórí kò tijú láti sọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Róòmù ṣàánú ẹrú. Ní ọdún 71 ṣáájú ìbí Jésù, lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Spartacus, olórí àwọn ẹrú tó ṣọ̀tẹ̀, nǹkan bí 6,000 ẹrú ni wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti Capua dé Róòmù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìlú Róòmù bá dá ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ bí òfin ṣe là á kalẹ̀, ẹrú náà di ọmọ ìlú. Òun fúnra rẹ̀ kò lè du ipò ìjọba, àmọ́ ọmọ tó bá bí lẹ́yìn náà lè dù ú.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé irú ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Marcus Vergilius Eurysaces, oníbúrẹ́dì. Ibojì tó kọ́ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn ṣì dúró lẹ́bàá Porta Maggiore ní Róòmù. Ihò roboto ńláńlá wà lára rẹ̀, ó jọ ohun èlò tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun. Lókè ni wọ́n gbẹ́ iṣẹ́ ilé búrẹ́dì sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń yí ọlọ, àwọn tó dúró ti tábìlì tí wọ́n ń gbo ìyẹ̀fun, ẹni tó ń ti búrẹ́dì bọ ààrò, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àkọlé kan sọ pé inú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì ni ohun tó ṣẹ́kù lára Atistia, ìyàwó rẹ̀, wà. Mo fẹ́ràn ibojì yìí ju ẹnu ọ̀nà ìṣẹ́gun àwọn olú-ọba lọ. Ogun ni wọ́n gbẹ́ sára tiwọn, búrẹ́dì ni ọkùnrin yìí gbẹ́ sára tirẹ̀.

Ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ ìjọba Róòmù, ní South Shields ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta ibojì mìíràn wà. Barates, ọmọ Palmyra ní Síríà, ló gbé e kalẹ̀ fún Regina, ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yà Catuvellauni ní gúúsù ilẹ̀ náà ni Regina ti wá. Ẹrú Barates ni tẹ́lẹ̀, ó dá a sílẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ. Ẹrú kì í rí ẹnu kọ olówó rẹ̀, n kò gbàgbé ìyẹn. Ọmọ 30 ọdún ni nígbà tó kú. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí ìyàwó ilé tó níyì: ó jókòó lórí àga, apẹ̀rẹ̀ òwú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àpótí ọ̀ṣọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Látìnì ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, àfi ìlà kan nísàlẹ̀ tí Barates fi èdè Palmyra kọ, níbi tó ti kédàárò aya rẹ̀. Èèyàn mélòó ló lè ka ìlà yẹn nínú òtútù ibẹ̀? Ó ṣáà kọ ọ́. Ọmọ Yorùbá tó bá ti sin òkú rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ìdí tó fi kọ ọ́.

Ìtàn Romulus di ohun tí wọ́n ń fi ṣèjọba. Ní ọdún 48, àwọn ìjòyè Gaul, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Faransé báyìí, fẹ́ wọ ìgbìmọ̀ àgbà Róòmù, àwọn onílé sì yarí. Olú-ọba Claudius rán wọn létí pé Numa, tó jọba tẹ̀lé Romulus, ará Sabine ni, àti pé àwọn kan gbà pé ọmọ obìnrin tí wọ́n kó lójú ogun ni ọba Servius Tullius. Wọ́n rí àwo idẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ní Lyon ní 1528, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní. Ní 193, ọmọ Leptis Magna ní ilẹ̀ Líbíà gorí ìtẹ́: Septimius Severus, tó kú sí York ní 211. Ní ọdún kejì, Caracalla ọmọ rẹ̀ sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú nínú ìjọba náà di ọmọ ìlú Róòmù. Cassius Dio, òpìtàn ìgbà náà, ní owó orí ló ń wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà ṣe ohun tí àánú kò tíì ṣe.

Lẹ́tà tí mo fi ń kọ àròkọ yìí, ti Róòmù ni. Ọwọ́ Àjàyí Crowther ló ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ jù, ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí ọkọ̀ ojú omi ológun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀. Lẹ́tà yẹn ló fi tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ẹrú àná ló gba lẹ́tà àwọn olú-ọba, tó fi kọ èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Bí ẹ bá dé Róòmù, ẹ má parí ìrìn yín sí Colosseum. Ẹ yà dé Porta Maggiore. Ojú títì ni ibojì oníbúrẹ́dì náà wà, ẹnikẹ́ni kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wò ó.