Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Sanwó Títì?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà tí ìjọba lè gbà rí owó títì kì í ṣe ẹyọ kan.

Ní ọdún 2006, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ fún ọdún 30, kí ó tún un ṣe, kí ó sì máa gbowó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Nígbà tí owó gbígbà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, àwọn ará àdúgbò fárígá. Ìjọba ra ẹ̀tọ́ náà padà ní 2013, síbẹ̀ owó too-géètì kò dúró títí di ọdún 2020.

Bí títì bá ti dára, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a gbówó lórí. Ẹni tó ra ilẹ̀ síbẹ̀, tí kò to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì, yóò sùn, yóò jí, yóò dolówó. Nígbà tí wọ́n ń gba owó too-géètì, ẹlẹ́ja tó wọ dánfó ni ó ń bá nínú owó ọkọ̀, ní àlọ àti ní àbọ̀.

Láti ọdún 2001 ni Èkó ti ní òfin owó-orí ilẹ̀ àti ilé. Nígbà tí ìjọba fi kún un ní 2018, ariwo pọ̀ títí wọ́n fi dín in kù. Àléébù owó-orí náà ni pé ẹni tó kọ́lé ń san ju ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún igbó lọ. Bí ó bá jẹ́ iye ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò, ẹni tí títì sọ dọlọ́rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ tọwọ́ bàpò.