Kó Tó Kan Sípánà

Honda Accord ti ọdún 2003, èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní End of Discussion, ni mo fi kọ́ iṣẹ́ mánífóòdù. Ẹ́ńjìnnì K24 ló wà nínú èyí tó jẹ́ lítà 2.4, onísìlíńdà mẹ́rin, àwọn ọmọ eré sísá sì ń wá a gan-an torí pé ó gba àtúnṣe. Wọn á ra mánífóòdù tòkunbọ̀ ti Civic Si ní Ládípọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Òṣòdì sí Àpápá, wọn á gbé e wá bá wa ní Ìsọlọ̀ pé ká yọ ti tẹ́lẹ̀, ká fi èyí sí i.

Ọ̀gá mi kì í ṣàdédé gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ bi oníbàárà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà wo lẹ ń gbà lójoojúmọ́?" Inú mánífóòdù ni atẹ́gùn ń gbà dé orí ẹ́ńjìnnì. Bí ihò rẹ̀ bá gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ọkọ̀ á lágbára nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́. Bó bá kúrú tó sì fẹ̀, bí irú èyí tí wọ́n ń gbé wá, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké ni agbára tó ń yọ. Ẹni tó ń fi gbogbo àárọ̀ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Cele dé Òṣòdì, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Àwọn kan á gbọ́, wọn á máa lọ. Àwọn tó bá taku, a ó bá wọn ṣe é.

Bí a bá ti yọ bátìrì, tí a tú hóòsì àti wáyà, tí a sì yọ mánífóòdù àtijọ́ tán, èmi ló kàn. Mo máa ń ki àkísà tó mọ́ bọ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin orí ẹ́ńjìnnì, torí nọ́ọ̀tì kékeré kan tó bá já sínú sìlíńdà lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni màá ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò. Ike líle la fi ń ha á. Aluminiọ̀mù rọ̀, ojú ibi tí sukudiráfà bá ya ni atẹ́gùn yóò máa gbà wọlé. Ọ̀gá á wá gbé rúlà irin lé ojú mánífóòdù, á máa ti abẹ fíìlà géèjì bọ abẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá ti wọlé, ibẹ̀ ló ti wọ́.

Títò ló pẹ́ kó tó yé mi. A ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lé mánífóòdù, ká fi bírò yí ihò rẹ̀ po, ká tún gbé gásíkẹ́ẹ̀tì náà kọ́ sára orí ẹ́ńjìnnì, ká wò ó bóyá wọ́n bára mu. Bí ihò mánífóòdù bá fẹ̀ ju ti orí ẹ́ńjìnnì lọ, atẹ́gùn tó ń sáré bọ̀ á forí sọ etí tó yọ, á dàrú. Bó bá kéré díẹ̀, ìyẹn ṣì dáa. "Dijú, kí o fi ìka wò ó," lọ̀gá máa ń wí. Lóòótọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tó yọ etí sínú ihò, ìka á bá a kí ojú tó rí i.

Mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ wa á ní, "Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i jàre!" Ọ̀gá kì í dá a lóhùn. Epo bẹntiróòlù ń jẹ gọ́ọ̀mù, èyí tó bá sì já á bá atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Ìgbà yìí ló tó kan sípánà. Ọwọ́ lásán la fi ń mú gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé ná. Láti àárín la ti ń yí wọn le bọ̀ síta, díẹ̀díẹ̀, títí sípánà tó ń ka agbára á fi dé 22 newton-metre tí Honda là sílẹ̀. Bí a bá sáré mú ẹ̀gbẹ́ kan le, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣí.

Bí ẹ́ńjìnnì bá jí, a ó fọ́n oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ sí ojú ibi tí mánífóòdù àti orí ẹ́ńjìnnì ti pàdé. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, atẹ́gùn ń wọlé níbẹ̀, àtúntú nìyẹn.

Bíréèkì lọ̀gá fi ń kádìí iṣẹ́ náà. Ara mánífóòdù ni hóòsì tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ ti ń fa. Bí kò bá wọlé dáadáa, bíréèkì á le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á wọlé, á tẹ̀ ẹ́, kó tó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tó bá kọ̀ tí kò sáré, oníbàárà á gbé e padà wá bá òun. Èyí tó bá sáré tí kò dúró, ta ni yóò gbé e padà wá?