Péjà Bàámi

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ péjà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ wa. Ọdún 2003 ni wọ́n bí mi, fóònù alágbèéká ni mo bá nílé. Ìròyìn alẹ́ ni a ń gbọ́ lórí rédíò, wọ́n ní péjà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Hezbollah ń bú gbàmù káàkiri ilẹ̀ Lẹ́bánónì, ó ń pa èèyàn, ó sì ṣe ọ̀pọ̀ léṣe. Mo ní, "Kí ni wọ́n ń pè ní péjà?" Bàámi ò dá mi lóhùn. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tú àpótí. Nígbà tí wọ́n máa jáde, nǹkan dúdú kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn, ojú gíláàsì tóóró kan wà lára ẹ̀, ó sì ní ìkọ́ tí wọ́n fi ń há a mọ́ bẹ́líìtì. Motorola ni wọ́n kọ sí i.

Màámi wò ó lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò lójú mi."

Bàámi ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé kò sí bọ́ǹbù nínú tàwọn. Màámi ní, "Ta ló ń sọ ti bọ́ǹbù?"

Ó gbà mí ju oṣù kan lọ kí n tó rí ìtàn yìí kó jọ. Ẹnu mẹ́ta ni mo ti gbọ́ ọ: ẹnu bàámi, ẹnu màámi, àti ẹnu Àǹtí Tóyìn ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bára mu tán, mi ò sì ní parọ́ fún yín pé mo ti mú un bára mu.

Ní 1994 ni bàámi lọ sí Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Takisí ni wọ́n ń wà. Fóònù alágbèéká wà nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sílé. Péjà ni mẹ̀kúnnù ń há mọ́ ìdí. Ní 1995, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ra ọ̀kan, wọ́n san owó oṣù sílẹ̀. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù bi wọ́n pé ṣé inú ìlú yẹn nìkan ni kó ti máa ṣiṣẹ́ ni àbí gbogbo Amẹ́ríkà, torí bí ibi tó ń dé bá ṣe fẹ̀ tó ni owó ẹ̀ ń wọ́n tó. Bàámi ní, "Níbo ni mo fẹ́ rìn dé?" Wọ́n mú ti inú ìlú.

Gbogbo péjà ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹyọ méje, tó wà fún ẹ̀rọ nìkan. Wọ́n kọ ti bàámi sí ẹ̀yìn ẹ̀, mo ṣì ń rí i kà. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù fi nọ́ńbà yẹn sínú kọ̀ǹpútà, ó so ó mọ́ nọ́ńbà fóònù kan, ìyẹn ni àwọn èèyàn á máa pè. Tí ẹnì kan bá pè é, kò sẹ́ni tó máa gbé e. Ẹ̀rọ á dún pí-pí-pí, onítọ̀hún á tẹ nọ́ńbà tó fẹ́ kí o rí, á tẹ àmì # tẹ̀lé e, ó parí. Àwọn òpó ńlá inú ìlú á wá ké e sáfẹ́fẹ́. Gbogbo péjà tó wà nítòsí ló ń tẹ́tí, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá pè nìkan ló ń jí. Bí ìgbà tí tíṣà bá ń pe orúkọ nínú kíláàsì ni, àfi pé péjà ò lè sọ pé, "Mo wà ńbí, sà." Ó ń gbọ́ ni, kò lè fèsì. Ẹni tó tẹ nọ́ńbà ránṣẹ́ ò ní mọ̀ bóyá ó dé, bóyá bátìrì ti kú, bóyá péjà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa.

Bàámi gbádùn ẹ̀ o. Ojú wọn ń tàn bí wọ́n ṣe ń ròyìn ẹ̀ fún mi. Lọ́sàn-án, wọ́n á jẹ́ kó máa dún. Lóru, wọ́n á yí i sí èyí tó ń gbọ̀n, wọ́n á fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Tí nọ́ńbà bá yọ, wọ́n á wá fóònù ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n á ju owó ẹyọ sí i, wọ́n á pe oníbàárà padà. Nǹkan kan tí wọ́n ṣe tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé aago Nàìjíríà ni wọ́n yí ti péjà náà sí. Tí péjà bá ní aago méjìlá ọ̀sán ti lù nígbà ooru wọn, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí àwọn lè mọ ohun tí màámi ń ṣe lọ́wọ́ ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi nọ́ńbà dá èdè sílẹ̀. 911, tí í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ọlọ́pàá, túmọ̀ sí pé ọ̀ràn ti dé, pè mí kíákíá. 411: mo fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Tí o bá dorí 07734 kodò, "hello" lo máa kà. 143 wá ni ti àwọn olólùfẹ́: iye lẹ́tà tó wà nínú "I", nínú "love" àti nínú "you". Bàámi kọ 143 yìí sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sí màámi, pé kó máa jẹ́ tàwọn méjèèjì.

Màámi kọ̀. Tíṣà Yorùbá ni wọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n fèsì pé àwọn ò ní máa ka lẹ́tà òyìnbó kí àwọn tó mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ràn àwọn, nígbà tí àwọn baba wa ti ń fi owó ẹyọ pa àrokò tipẹ́tipẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà, ẹ̀fà: ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ, ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wa jọra, ohun tí o wí ni èmi náà wí. Bí àwọn méjèèjì ṣe gba 6 àti 8 nìyẹn. 6 ni pé gbogbo ilé wà dáadáa, a kàn ń rántí yín ni. 8 ni pé owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, iye tí ẹ wí náà ni. 911 nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ òyìnbó. (Mo bi màámi léèrè 2. Wọ́n ní kò ṣe é lò. Nínú àrokò, owó ẹyọ méjì tó kojú síra jẹ́ ọ̀rẹ́, méjì tó kẹ̀yìn síra jẹ́ ìjà, péjà ò sì ní í fi ojú àti ẹ̀yìn hàn.)

Business centre kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. 009, 1, nọ́ńbà péjà, pí-pí-pí, 6, #. Kò ń tó ìṣẹ́jú kan, owó ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń san. Ṣùgbọ́n ní oṣù méjì àkọ́kọ́, nǹkan kan ò dé Houston. Màámi ń tẹ 6, fóònù ń dún tiki-tiki-tiki, bàámi ò rí nǹkan. Lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n tó mọ̀ pé bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, P àti T ni wọ́n kọ sí i. Tó bá wà lórí P, fóònù á pe nọ́ńbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí o bá tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀rọ òkè òkun ò ní gbọ́ ọ. Wọ́n sún un sí T. Láti ọjọ́ náà, gbogbo alẹ́ Sátidé ni 6 ń wọlé sábẹ́ ìrọ̀rí ní Houston.

Ó wá di oṣù Kàrún-ún 1998. Abacha ṣì wà lórí àga, epo bẹntiróòlù ṣòro, ọkọ̀ ò wọ́pọ̀. Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàámi, fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní àwọn ò ní dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ dókítà láìgbọ́ ohùn ọmọ àwọn. Màámi wá takisí, àwọn àti Àǹtí Tóyìn bá gbé wọn lọ sí Mọ́kọ́lá. Láìnì ibi tí wọ́n ti mọ̀ wọ́n ò lọ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n sọdá sí òmíràn. Wọ́n pe péjà, wọ́n tẹ 911, wọ́n tẹ 234, wọ́n tẹ 2 ti Ìbàdàn, wọ́n tẹ nọ́ńbà ibẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ni. Wọ́n jókòó.

Bẹ́ǹṣì onípákó kan ni Màmá Àgbà jókòó sí. Àǹtí Tóyìn ní tí fóònù bá ti dún báyìí, wọ́n á tún gèlè wọn ṣe, bí ẹni pé ọmọ wọn máa rí wọn. Ti àwọn ẹlòmíràn ni. Màámi tún tẹ̀ ẹ́ láago mẹ́rin, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ láago mẹ́fà. Láago mẹ́jọ, oníbùúkà ẹ̀gbẹ́ ti kó abọ́ rẹ̀, ọ̀gá business centre ní òun fẹ́ tilẹ̀kùn. Màmá Àgbà dìde fúnra wọn. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọn ò jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ọjọ́ Àìkú ni bàámi tó gbọ́, láti ẹnu ọ̀rẹ́ wọn kan tó ní fóònù nílé.

Ohun tí bàámi ń sọ láti ìgbà náà ni pé sátẹ́láìtì ló bàjẹ́. Màámi kì í fẹ́ gbọ́. "Sátẹ́láìtì wo? Ta ló fojú rí i?" Mo lọ wá a. Òótọ́ ni: ní 19 oṣù Kàrún-ún 1998, sátẹ́láìtì kan tó ń jẹ́ Galaxy IV yẹ̀ lójú òpó rẹ̀, ó gbàgbé ibi tí ayé wà, péjà bí 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo Amẹ́ríkà sì dákẹ́. Òkè ni wọ́n ti ń sọ iṣẹ́ kalẹ̀ fún àwọn òpó. Kí wọ́n tó tún un ṣe, àwọn èèyàn ní láti máa gun òrùlé kiri, kí wọ́n máa fọwọ́ yí àwo ìgbohùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì mìíràn. Ti àwọn kan padà lọ́jọ́ kejì, ti àwọn mìíràn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn, mo sáré lọ bá màámi.

Màámi kì í da rìsíìtì nù. Wọ́n yọ ọ́ jáde láti inú ìwé ètò ẹ̀kọ́ wọn àtijọ́. 21 oṣù Kàrún-ún ni wọ́n kọ sí i. Ọjọ́bọ̀. Sátẹ́láìtì ti bàjẹ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bàámi ní tàwọn ò tíì padà títí di òpin ọ̀sẹ̀. Màámi ní ti gbogbo èèyàn ti padà, pé ẹni tó bá fẹ́ sùn ló yọ bátìrì.

Àǹtí Tóyìn ló wá dá kún un. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ní àwọn rántí pé fóònù ibi tí wọ́n sọdá sí jẹ́ funfun, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti sún sí T. Mo bi màámi. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ pí-pí-pí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ." Mi ò fèsì. Ẹ̀yin náà ti kà á lókè: kí èèyàn tó tẹ nọ́ńbà ni pí-pí-pí yẹn ń dún. Ó lè dún kí nọ́ńbà má sì wọlé rárá. Mi ò tíì sọ ọ́ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ilé wa má lọ sọ ọ́ o. Obìnrin tó jókòó wákàtí mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ṣé èmi ni máa wá sọ fún un pé bọ́tìnnì ni?

Láti ọjọ́ náà, màámi ò tẹ 6 mọ́. 8 nìkan ni, tí owó bá dé. Bàámi ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin gbáko, 8 nìkan ni péjà ń mú wá láti ilé. Wọ́n dé ní 2002. GSM ti wọlé lọ́dún tó ṣáájú, gbogbo ayé ń fláàṣì ara wọn kí kírẹ́díìtì má bàa lọ, màámi ní ẹ̀tàn ni, àwọn ti ṣe é rí.

Lóṣù tó kọjá, mo ra bátìrì sí péjà náà. Mo ti kà á pé ilé iṣẹ́ péjà tó kẹ́yìn ní Japan ti ta kú ní 2019, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ṣì ń lò ó, nítorí náà mi ò retí nǹkan kan. Ó gbọ̀n jìì lórí tábìlì, gbogbo wa fò. Ojú ẹ̀ tàn, aago ẹ̀ wà ní òdo. Mo bi bàámi pé aago ibo ni kí n yí i sí.

Màámi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ṣì mọ nọ́ńbà Houston yẹn lórí, wọ́n ń kà á bí ẹni ń kọrin. Obìnrin inú ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé nọ́ńbà yìí kò sí mọ́. Màámi jẹ́ kó sọ tán. Wọ́n tẹ nǹkan kan, wọ́n tẹ #, wọ́n gé e, wọ́n wọ ilé ìdáná lọ.

Mi ò rí ohun tí wọ́n tẹ̀. Bàámi jókòó ti péjà náà títí iná fi lọ. Lórí fóònù mi ni wọ́n sì ti pè é o, gbogbo káàdì tí mo rà láàárọ̀ ló bá a lọ.