Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Louisville: Ilé Tó Fara Jọ Tiwa, Òtútù Tí Kì Í Ṣe Tiwa

Bí a bá dárúkọ ìlú Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́kàn ni Muhammad Ali, akànṣẹ́ tí kò lẹ́gbẹ́, tí wọ́n bí síbẹ̀ ní 1942, tó sì wá kí wa ní Nàìjíríà ní 1964. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kọ́ ni mo gbé dé lónìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni, omi òjò tí ń ti etí òrùlé já bọ́ sílẹ̀, nítorí pé ohun tí mo rí nípa rẹ̀ ní ìlú náà kan àwa ọmọ Oòduà ju bí ènìyàn ti lè rò lọ.

Etí odò Ohio ni Louisville wà. Odò náà gùn tó máìlì 981, láti Pittsburgh títí dé ibi tó ti dà pọ̀ mọ́ Mississippi, ibi kan ṣoṣo tí àpáta sì ti ń dí ọkọ̀ lọ́nà lójú omi náà ni wọ́n tẹ ìlú yìí dó sí ní 1778. Dandan ni kí ọkọ̀ já ẹrù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlú ṣe gbilẹ̀. Omi ló sọ ọ́ di ìlú ńlá, omi náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́, nígbà tí odò kún àkúnya ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1937, tó bo èyí tó ju ìdajì ìlú lọ. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n mọ odi tí ń dá odò dúró. Ti omi orí òrùlé kò ní odi; onílé kọ̀ọ̀kan ni yóò wá ọgbọ́n dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí á wọ àdúgbò Germantown, Portland tàbí Smoketown. Ilé onígi tóóró ló tò lọ bẹẹrẹ níbẹ̀, yàrá kan lẹ́yìn èkejì, láìsí ọ̀nà àárín, tí orí ṣóńṣó òrùlé sì dojú kọ títì. Shotgun ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní bí ènìyàn bá yin ìbọn lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ọta yóò gba ẹ̀yìnkùlé jáde láì kan ògiri. John Michael Vlach, onímọ̀ àṣà ìbílẹ̀ kan, kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1975 lórí orírun ilé yìí. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti New Orleans dé Haiti, ó sì ti Haiti tọ̀ ọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, dé ìdí ilé oníyàrá méjì tí àwọn baba wa ń kọ́, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, 20 ní gígùn. Ó ní àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e sórí lọ, tó sì dà pọ̀ mọ́ ilé àwọn ọmọ onílẹ̀ àti iṣẹ́ káfíńtà Faransé. Èmi kò ní búra pé gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀; ilẹ̀ tóóró tí wọ́n ń pín ta nígboro náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo wọ inú ọ̀kan, ara mi kò kọ̀ ọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀bùn ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ìkòkò, agbada àti dúrọ́ọ̀mù la fi ń gbé e. Nínú àwọn ààfin àtijọ́, àgbàlá inú àkòdì ni òrùlé ń da omi sí, kí ó má baà ṣòfò. Òjò Louisville kò kéré sí èyí tí a ń rí ní Ìbàdàn lọ títí, ó lé ní ínǹṣì 45 lọ́dún, ṣùgbọ́n kò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí oṣù tí kì í rọ̀. Ilé shotgun tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 14, tó gùn ní 50, òjò ínǹṣì kan péré yóò da omi tó dúrọ́ọ̀mù mẹ́jọ sórí òrùlé rẹ̀. Níbo ni yóò gbà? Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó gùn ni, àwọn ni wọ́n sì kọjú sí ilé aládùúgbò. Àlàfo tó wà láàárín ilé méjì, ẹni tó bá sanra yóò fẹ̀gbẹ́ gbà á. Ibẹ̀ ni omi ilé méjèèjì ń dà sí, ní ìdí ìpìlẹ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní Louisville, òtútù ló ń la ẹnu ògiri. Omi tó bá rin sínú bíríkì yóò dì lóru, bó bá sì ti dì, yóò wú, ìdá 9 nínú 100. Bí oòrùn bá yọ, yóò yọ́. Bó bá di alẹ́, yóò tún dì. Ọyẹ́ tiwa ń la ètè. Tiwọn ń la ìpìlẹ̀. Igi tó gbé ilé dúró yóò sì máa rà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi gọ́tà sí òrùlé. Bí a bá pe gọ́tà nílé, ti ojú títì là ń wí; tiwọn wà lókè, ọpọ́n alumíníọ̀mù gígùn tó fẹ̀ tó ínǹṣì 5, tí wọ́n kàn mọ́ etí òrùlé, tí wọ́n sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí omi lè ṣàn lọ sínú páìpù tó sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro. Ewé ni ọ̀tá rẹ̀. Ní ìgbà ìwọ́wé, láti Ọ̀wàrà títí Bélú yóò fi parí, igi oak àti maple yóò tú gbogbo ẹrù wọn sórí ilé. Nígbà tó bá di Èbìbí, èso maple oníyẹ̀ẹ́ yóò tún máa fò wá. Mo rí gọ́tà kan tí igi ti hù nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni kí wọ́n kó o, ti ìkẹyìn sì ni ìgbà tí ewé bá wọ́ tán pátápátá. Kí ẹni tó ń gun òkè má fi àkàbà ti gọ́tà fúnra rẹ̀ o. Yóò tẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ni mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀ ní òpin Bélú. Ó ní: "Àbúrò mi, ewé tí o kò kó ní Bélú, omi dídì ni yóò bá ọ kó o ní Ṣẹ́rẹ́, pẹ̀lú gọ́tà ni yóò sì fi kó o." Bàbá arúgbó kan ni aládùúgbò rẹ̀, kò lè gun àkàbà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń san owó òṣìṣẹ́ tó ń kó ti àwọn méjèèjì. Mo yìn ín, ó sì dá mi dúró: "Àánú kọ́ o. Omi òrùlé bàbá, ìdí ilé mi ló ń bọ́ sí."

Ohun kan wà tí àwọn ará ìlú náà ń di ru gọ́tà láìtọ́. Bí òjò dídì bá bo òrùlé, tí odi omi dídì sì gbára jọ létí rẹ̀, tí omi wá ń jò wọlé, gọ́tà ni wọ́n ń bú. Ooru inú ilé tó ń yọ́ sókè gba inú àjà ló ń yọ́ òjò dídì, tí omi rẹ̀ fi ń ṣàn dé etí òrùlé tútù, tó sì tún dì níbẹ̀. Kí wọ́n dí ihò àjà, kí wọ́n tẹ́ òwú tí ń dá ooru dúró sí i; gọ́tà kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Páìpù náà tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní ìlú àtijọ́, omi òjò àti omi ìgbọ̀nsẹ̀ ń gba ojú ihò kan náà, bí òjò bá sì le, gbogbo rẹ̀ ń ya sínú odò Ohio. Ní 2005, iléeṣẹ́ omi ẹ̀gbin ìlú náà, MSD, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba láti dẹ́kun rẹ̀; ní 2022, wọ́n ṣí ihò abẹ́ ilẹ̀ kan tó gùn ní máìlì 4, tó ń gba gálọ́ọ̀nù omi mílíọ̀nù 55. Wọ́n tún ń rọ onílé pé kí wọ́n yọ páìpù òrùlé kúrò nínú ihò ẹ̀gbin, kí wọ́n da omi rẹ̀ sórí koríko, ó kéré tán ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ògiri. Ìmọ̀ràn tó dára ni fún ẹni tó ní koríko. Àlàfo shotgun kò ní ẹsẹ̀ bàtà 5.

Ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀gbọ́n mi darí tirẹ̀ sí, ó sì gbé dúrọ́ọ̀mù sídìí páìpù, bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe ní Iléṣà. Omi náà ló fi ń bomi rin ewédú àti ata nígbà ooru. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ó ti dà á nù, ó sì ti dojú dúrọ́ọ̀mù délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà, nítorí bí omi bá dì nínú rẹ̀, yóò là á sí méjì kí ó tó di Ẹrẹ́nà.