Báwo ni Ọfà Ṣe Yára Tó? Ìrírí Olùkọ́ Kan Lórí Ìwọ̀n, Ìró àti Èdè

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó bi mí ní ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé yìí. Ọmọ ọmọ mi ni. Ìlú Portsmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a wà, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kọ́ fún ọkọ̀ ogun Mary Rose. Ọkọ̀ Ọba Henry Kẹjọ ni. Ó rì ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 1545, kò sì rí oòrùn mọ́ títí di oṣù Kẹwàá, ọdún 1982, nígbà tí wọ́n gbé e jáde láti ìsàlẹ̀ òkun. Ọrun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ lé ní 170. 137 nínú wọn ni kò kán. Ọfà tí wọ́n bá tó nǹkan bí 3,500. Igi yew ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn ọrun náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì ga ju àgbà ọkùnrin lọ. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ̀ wọ́n wò ṣírò pé ẹni tí yóò fa ọsán wọn dé ibi tí ó yẹ ní láti lo ipá tí ó tó gbígbé ẹrù kílò 45 títí dé kílò 80 ó lé.

"Màmá àgbà, báwo ni ọfà yẹn ṣe yára tó?"

Mo ní, "Ó yára bí àṣá."

Ọmọ náà ronú díẹ̀. "Àṣá ńkọ́? Báwo ni òun náà ṣe yára tó?"

Mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn olùkọ́ pé kò sí ìmọ̀ tí a kò lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ pèsì jẹ mí. Kì í ṣe pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tí ó fi ìyára hàn. Ó ní wọn lọ jàra: kíá, wéré, fìrí, wàrà. Ṣùgbọ́n "tó" tí a fi ń béèrè ìwọ̀n, ìfiwéra ni ó ń béèrè. Bí a kò bá ní ohun kan tí gbogbo wa jọ mọ bí ó ṣe tó, a óò kàn máa ti ìbéèrè náà láti orí àṣá dé orí ẹ̀fúùfù ni. (Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú àáyá mọ èyí dájú. Ó sọ ìpéǹpéjú ọ̀bọ yìí di òṣùwọ̀n.) Ohun tí ọmọ yẹn ń béèrè kò ju èyí lọ: mítà mélòó ni ọfà ń lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan?

Ọkọ ọmọ mi ní ẹni kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin náà sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta ọrun gígùn ti àtijọ́. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ó mú wa lọ sí pápá wọn. Igi lásán ni ọrun tirẹ̀ náà, kò sí irin, kò sí ohun tí a fi ń wo ọ̀kánkán. Ipá tí a fi ń fa ọsán rẹ̀ tó ẹrù kílò 23. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan síwájú ara rẹ̀, ẹ̀rọ tí ó ní ojú méjì tí ó jìnnà díẹ̀ sí ara wọn. Bí ọfà bá ń kọjá lókè, òjìji rẹ̀ yóò bo ojú kìíní, lẹ́yìn náà yóò bo èkejì; ẹ̀rọ náà yóò ka àkókò tí ó wà láàárín méjèèjì, yóò sì fi í pín ìjìnnà ojú kan sí èkejì. Ọfà fífúyẹ́, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 28, ń lọ ní mítà 44 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọfà mìíràn tí ó wúwo tó méjì rẹ̀, gíráàmù 56, ń lọ ní mítà 35. Ọmọ ọmọ mi kọ ọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn fẹ́ jí i.

Èmi náà kó ohun kan bọ̀ wálé. Mo dúró ti tafàtafà náà, mo sì fi fóònù mi gba ìró ọfà fífúyẹ́ sílẹ̀. Pátákó tí ó ń ta á sí jìnnà sí wa ní mítà 20 gééré. Èrò mi ni pé n ó fi ṣe ẹ̀kọ́ àwòkọ́ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́: bí a ṣe lè fi Yorùbá kọ́ ìwọ̀n ìyára láìra ẹ̀rọ kankan. Mo gbádùn kíkọ ẹ̀kọ́ náà púpọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti "wìn" dé "gbì" ni ìrìn ọfà. Wìn, ọsán ti jù ú. Gbì, ó ti bá pátákó. Inú mi dùn sí i pé ọ̀rọ̀-àfaradídún wa ṣe ohun tí gbólóhùn gígùn kò lè ṣe.

A gbé ìró náà sórí kọ̀ǹpútà ní kíláàsì. Láti wìn dé gbì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.522. A fi í pín mítà 20, ó fún wa ní 38. Ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé 44. Mo sọ fún wọn pé atẹ́gùn ni ó dín ìyára ọfà kù lójú ọ̀nà. Èmi fúnra mi mọ̀ pé atẹ́gùn kò lè gba tó bẹ́ẹ̀ nínú ìrìn mítà 20.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo sọ fún ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo ní, "Bóyá àwọn iṣẹ́ kan wà tí èdè yìí kò tíì pọ́n fún." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Èmi tí mo máa ń fi iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí níbi gbogbo, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Kì í sì ṣe àkókò tí ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu olùkọ́ èdè: ìlànà èdè ìyá tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022 ni wọ́n ti fagi lé ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí baba rẹ̀ jẹ́ ọdẹ nawọ́ sókè. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì; Yorùbá àti ẹ̀kọ́ ìtàn ni ó ń kọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Bí mànàmáná bá kọ, ṣé ojú ẹsẹ̀ ni a máa ń gbọ́ àrá?"

Mo ní rárá.

"Ṣé ẹ rí i, mà, ọfà ti dé kí gbì tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Kíláàsì dákẹ́. Ẹ̀yìn tafàtafà ni mo dúró sí. Wìn kò rin ìrìn kankan kí ó tó dé etí fóònù mi, ṣùgbọ́n gbì ní láti padà rin mítà 20. Ìró ń lọ ní nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà ìpadàbọ̀ yẹn gba 0.059. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 0.522, ó ku 0.463. Mítà 20 pín sí i jẹ́ 43. Díẹ̀ tí ó kù láàárín 43 àti 44 ni atẹ́gùn àti àìpéye wíwọ̀n wa lè pín láàárín ara wọn.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ohun tí ó fọ́ mi lójú. Ọ̀rọ̀-àfaradídún tí mo ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀ ni. "Gbì" nínú èdè wa, òun ni ìró, òun náà ni ìṣẹ̀lẹ̀. A kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n èdè kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sì ya ọ̀rọ̀ kan lò láti ibìkan. Àrá àti mànàmáná ni ó lò, ohun tí gbogbo ọmọ tí òjò ti pa rí mọ̀. Kí ó tó jókòó ni ọmọbìnrin kan ti bọ́ síwájú pátákó ìkọ̀wé tí ó fa ìlà kan: bí a bá gbé fóònù sí àárín méjì ọ̀nà, wìn yóò rin mítà 10, gbì náà yóò rin mítà 10, ìdádúró méjèèjì yóò sì pa ara wọn rẹ́. Mo kọ̀wé sí ọkùnrin tafàtafà náà, ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 0.46 ni ó fi ránṣẹ́ sí wa.

Ibi tí èdè ti fún wa níṣẹ́ gan-an, ibòmíràn ni. Ohun tí a fi fa ọsán, "agbára" ni. Ohun tí ọfà gbé lọ bá pátákó, "agbára" náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá béèrè pé, "Agbára kan náà ni a fi ta ọfà méjèèjì, kí ló dé tí agbára wọn kò dọ́gba?" Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé lóòótọ́, ọfà wíwúwo tí ó ń lọ ní mítà 35 gbé Joule 34, fífúyẹ́ tí ó yára jù ú lọ kò sì gbé ju 27 lọ. Apá ọrun àti ọsán náà ní láti gbé ara wọn. Bí ọfà bá fúyẹ́, púpọ̀ nínú ohun tí a kó sínú ọrun yóò ṣẹ́ kù sára ọrun fúnra rẹ̀, tí yóò máa gbọ̀n ọ́n. A jọ fẹnu kò pé "ipá" ni ti ọwọ́ tí ń fa ọsán, "agbára" sì ni ti ohun tí ọrun kó jọ tí ọfà ń gbé lọ. Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ lo "eré" fún ìyára, àfi ìgbà tí mo kọ "ìwọ̀n eré ọfà" sójú pátákó tí kíláàsì bú sẹ́rìn-ín: wọ́n ní ọfà kì í ṣeré. Mo pa á rẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti mú ọrun baba baba rẹ̀ wá láti ilé, kí a lè wọn ti wa náà. Orí àjà ni ó ti bá a. Ó dúdú, ó kúrú ju àyà mi lọ díẹ̀, igi rẹ̀ sì le síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe bá a. Awọ ni wọ́n fi ṣe ọsán rẹ̀ tẹ́lẹ̀, baba rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ. A ti ránṣẹ́ sí àgbà ọdẹ kan ní abúlé wọn. Ó ní kí a wá lẹ́yìn òjò.